Ọkọ̀ Tó Kọjú sí Ilé Agogo

Ọta tó pa Kápútẹ́nì Rudge ni a fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ lórí tábìlì wa kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Irin dúdú ni, ó wúwo tó ọmọ ọwọ́ tó ti ń jókòó. Kì í bú gbàmù bí àwọn ọta yòókù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó gba inú irin táńkì kọjá bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gba inú aṣọ kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nínú kùrukùru, ó gba inú ògiri ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì San Rocco, abúlé kan ní Ítálì, kọjá, ó bá Kápútẹ́nì níbi tó ti ń fi awò awọ̀nàjíjìn wo àwọn Jámánì ní òdì kejì odò, ọ̀rọ̀ sì parí. Òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ ìlú wa wà ní ìdí irin náà.

"Tiwa ni," ni Sájẹ́ǹtì Penry wí, ó ń fi èékánná ha òǹtẹ̀ náà bí ẹni tó ń retí kó parẹ́. "Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń wò ó. Tiwa ṣì ni."

Èmi Amos Thirlwell, kọ́púrà, ni akọ̀wé rẹ̀. Kí ogun tó dé, awakùsà èédú ni mí ní Durham, mo sì máa ń wàásù ní ṣápẹ́ẹ̀lì wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọ̀gá mi, Idwal Penry, ọmọ Wales, ti ṣe ọlọ́pàá èbúté ní Cardiff fún ọdún mẹ́rìnlá. Ènìyàn kúkúrú ni, inú a máa run ún láàárọ̀ àti lálẹ́, ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá ti bà lé nǹkan, ó di kó mọ ìdí rẹ̀ kó tó gbójú kúrò. Ọlọ́pàá ológun ni wá, àwọn tó ń jí bẹntiróòlù ní èbúté Ancona là ń lé kiri nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè wá pé ká wá fọwọ́ sí ẹjọ́ kan tó ti parí.

Lójú Méjọ̀ Sotheran tó kọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó ti parí lóòótọ́. Ọkọ̀ méjì péré ló ń yin irú ọta yìí ní gbogbo San Rocco. Tafàtafà lorúkọ ọkọ̀ náà, apatáńkì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ní ìgbà òtútù yẹn, tí èmi àti ọ̀gá mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ti Sájẹ́ǹtì Enoch Tulloch. Èkejì wà lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ní ìkangun oko, ti Sájẹ́ǹtì Wilf Kell. Odò àti àwọn Jámánì wà ní àríwá, ilé agogo wà ní gúúsù, ọkọ̀ méjèèjì wà láàárín. Kell búra pé òun ò yìnbọn rárá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tulloch gbà pé òun yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó ní ọkọ̀ ẹrù Jámánì kan létí odò lòun yìn ín sí. Ìyá àgbà kan sì rí ọkọ̀ Tulloch pé iwájú rẹ̀ kọ sí ilé agogo. Tulloch fúnra rẹ̀ ò jiyàn.

Èyí tó wá burú jù ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Hull, nílé lọ́hùn-ún. Ó bẹ Kápútẹ́nì Rudge kó jẹ́ kí òun lọ wò ó, Kápútẹ́nì ní kò sẹ́ni tí yóò kúrò lójú ogun. Ní ọjọ́ Àìkú, wáyà dé pé obìnrin náà ti kú. Tulloch dúró sí àárín ìta ṣọ́ọ̀ṣì, níṣojú gbogbo ọmọ ogun, ó nàka sókè: "Kí Ọlọ́run wó ilé agogo yẹn lé e lórí!" Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Kápútẹ́nì fi kú nínú ilé agogo náà.

"Lọ́la ní ọ̀sán gangan ni wọn yóò gbé e lọ síwájú ilé ẹjọ́ ológun," ni Penry wí. "Okùn ló ń dúró dè é níbẹ̀. Èwo ni kí n fọwọ́ sí nínú ìwé yìí, Amos? Gbogbo rẹ̀ bá ara wọn mu. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí."

*

Ilé ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi Tulloch sí. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ibẹ̀ ti di ẹran jíjẹ tipẹ́. Ọkùnrin gíga, irun pupa, kò fá irùngbọ̀n láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó jókòó sórí koríko gbígbẹ, kò dìde fún wa.

"Ẹ tún dé," ó ní.

"A tún dé," ni Penry wí, ó sì lóṣòó níwájú rẹ̀. "Tulloch, sájẹ́ǹtì ni ọ́, sájẹ́ǹtì ni mí, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ṣé o ṣépè fún Rudge?"

"Mo ṣé e."

"Ṣé o yìnbọn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Sí ọkọ̀ ẹrù. Mo ti sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún ìgbà."

"Níbo ni iwájú ọkọ̀ rẹ kọ sí?"

Tulloch wò ó bí ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà. "Sí ilé agogo. Kọ ọ́ sílẹ̀. Fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. Sí ilé agogo gangan."

"Háà, ìwọ ọkùnrin yìí!" Penry fọwọ́ gbá orúnkún ara rẹ̀. "Ọwọ́ ara rẹ lo fi ń so okùn mọ́ ara rẹ lọ́rùn. Ṣé o mọ̀?"

"Ìwọ lo béèrè, mo sì dáhùn. Kí lẹ tún fẹ́ kí n sọ?" Ó yíjú sí ògiri. "Ẹ fi mí sílẹ̀. Èmi àti Ọlọ́run la jọ ní ọ̀rọ̀ tí à ń sọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ bá a gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò wo ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí a jáde, Penry fi bàtà ta agolo òfìfo kan, ó fò ré kọjá ọgbà.

"Ẹni tó pààyàn a máa purọ́," ó ní. "Ẹni tí kò pààyàn náà a máa purọ́, nítorí ẹ̀rù. Ọkùnrin yìí kì í purọ́, kì í sì í bẹ̀rù. Kí wá ni kí n fi í ṣe?"

*

Ìyá àgbà Ersilia ní kí a kọ́kọ́ jẹun. Ó fi òwú gé polenta tútù, ẹ̀kọ àgbàdo tiwọn, fún wa, ó sì dúró tì wá títí a fi jẹ ẹ́ tán. Mo ti lo ọdún méjì ní Ítálì, mo gbọ́ èdè wọn tó láti ṣe ògbufọ̀.

"Màmá," ni Penry wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ fún mi, kì í ṣe bí Méjọ̀ ṣe kọ ọ́."

"Méjọ̀ yẹn! Ìdajì ọ̀rọ̀ mi ló gbọ́, ìdajì yòókù ló fi kún un." Ó nàka sí fèrèsé. "Ibí yìí ni mo dúró sí. Kùrukùru bo gbogbo oko. Èyí tó wà nídìí kànga, mo rí iná rẹ̀ méjèèjì, iná iwájú ọkọ̀, wọ́n ń wo ilé agogo bí ojú màlúù. Ọmọ ogun kan lóṣòó níwájú iná náà, ó ń dá iná igi, àbí iná kí ni mo mọ̀, ó ń se omi olóorùn yín yẹn."

"Tíì, màmá."

"Ohun yòówù kó jẹ́. Èkejì nídìí igi ọ̀pọ̀tọ́, ìyẹn dà bí ọkùnrin gidi ní tirẹ̀. Àwọn Jámánì ló kọjú sí. Ìdí rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ẹni tó ń se omi tiwọn náà wà lọ́ọ̀ọ́kán, níhà odò. Èéfín nìkan ni mo rí."

"Ta ló yìnbọn nínú àwọn méjèèjì?"

"Ọmọ mi, láàárọ̀ yẹn, gbogbo ayé ló ń yìnbọn. Jámánì ń yìn, ẹ̀yin ń yìn. Mo wọ abẹ́ ibùsùn lọ bá adìẹ mi."

Penry dúpẹ́. Ní ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Ó tún bá ara wọn mu," ó ní, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí wọ́n jà lólè. "Tulloch kọjú sí ilé agogo. Kell kọjú sí ọ̀tá. Obìnrin yìí ò purọ́. Amos, gbàdúrà fún mi, orí mi ti dí."

Mo gbà á lóòótọ́, ní ìdákẹ́jẹ́, bí a ṣe ń rìn. Mo ní kí Olùwa tó ń la ojú afọ́jú rántí àwa méjì.

*

A lọ yẹ ilẹ̀ wò. Ọkọ̀ Tulloch ṣì wà nídìí kànga, wọ́n fi àwọ̀n bò ó pátápátá, ọ̀pá ìbọn gígùn rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Odò ni ọ̀pá náà nà sí.

"Ìbọn yìí ń wo odò nísinsìnyí," ni Penry wí. "Tó bá jẹ́ ilé agogo ló ń wò lọ́jọ́ Ajé, a jẹ́ pé Tulloch yí ọkọ̀ padà lẹ́yìn tó yìnbọn. Ó dáa. Ibo ni ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ wà?"

Ó wólẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ọkọ̀ onírin tó bá yí po a máa túlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbin ọ̀dùnkún. Nídìí kànga, kò sí ebè kan. Ojú ẹsẹ̀ tààrà méjì ló wà níbẹ̀, ó wọlé, ó dúró, ó tán. A rìn lọ sídìí igi ọ̀pọ̀tọ́ níbi tí ọkọ̀ Kell máa ń wà. Ó ti lọ sí etí odò lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti túká. Ọkọ̀ kan ti yí po níbẹ̀ dáadáa.

"Ibi tó yẹ kó yí, kò yí," ni Penry ń kùn. "Ibi tí kò yẹ kó yí, ó yí."

Ibẹ̀ ni Méjọ̀ Sotheran ti bá wa pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ lábíyá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti jagun nínú táńkì ní aṣálẹ̀ kí wọ́n tó fi í sí ọ́fíìsì.

"Sájẹ́ǹtì Penry, ṣé o ti fọwọ́ sí i?"

"Rárá, sà. Kò sí ojú ẹsẹ̀ ìyípadà nídìí kànga, sà."

"Òjò ti pa á rẹ́."

"Òjò ò tíì rọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, sà. Nídìí igi yìí ló ti yí."

"Kell lọ gba epo, ó sì padà. Ṣé ó fò lọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín kékeré. "Wò ó, Sájẹ́ǹtì. Odindi ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé inú táńkì. Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní ibi tí ìbọn ń kọjú sí? Ẹlẹ́rìí rí i. Ẹlẹ́bi jẹ́wọ́. Ọ̀sán ọ̀la."

"Mo ka ọta inú ọkọ̀ Kell lánàá, sà. Ó pé. Mọ́kàndínlógójì."

"Ó dára bẹ́ẹ̀."

"Ọkọ̀ tó ń kó ọta wá dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, sà. Ta ló mọ̀ bóyá ó pé láàárọ̀?"

"Ìwọ àti 'bóyá' rẹ!" Méjọ̀ yíjú padà. "Mo ti ní kí dẹ́rẹ́bà Kell wá gbé ọkọ̀ Tulloch lọ sí ilé àtúnṣe lẹ́yìn ìlú. Ẹ má dí i lọ́wọ́."

Ó lọ. Penry kó ìkúùkù rẹ̀ méjèèjì sínú àpò, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. "Ó ní ohun kan tí gbogbo àwọn èèyàn yìí mọ̀ tí èmi ò mọ̀," ó ní. "Mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀, n ò mọ ibi tó wà."

*

Dẹ́rẹ́bà Kell, Dunstan Oakes, ọkùnrin ọlọ́dún méjìdínlógójì, oníkùn díẹ̀, dé pẹ̀lú àkàrà bísíkíìtì lẹ́nu. Ó ká àwọ̀n kúrò lórí ọkọ̀ Tulloch. Fún ìgbà àkọ́kọ́, a rí Tafàtafà ní ìhòòhò.

Ó rẹlẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ọkùnrin lọ. Kò ní òrùlé. Ọ̀pá ìbọn rẹ̀ gùn débi pé ó ju ara ọkọ̀ náà lọ síta. Èmi àti Penry dúró nítòsí ẹnu ìbọn, a sì gbà pé iwájú ọkọ̀ la dúró sí. Oakes wọlé, ẹ́ńjìnnì bú.

"Kúrò lọ́nà, Amos, kó má tẹ̀ wá!" Penry fà mí sẹ́yìn.

Ọkọ̀ náà gbéra. Kò wá sọ́dọ̀ wa. Ó ń lọ kúrò lọ́dọ̀ wa, ó ń sáré lọ tààrà sí gúúsù, ẹnu ìbọn rẹ̀ sì ń wò wá síbẹ̀ bí ó ṣe ń jìnnà.

"Kí ló dé tó ń fi ẹ̀yìn rìn?" mo bi Penry.

Nígbà tí ọkọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà oko, ó yà sọ́wọ́ òsì, a sì rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní orí tó ṣáájú, ní òdìkejì ìbọn, iná ọkọ̀ méjì wà níbẹ̀ bí ojú màlúù. Orí Oakes wà lókè wọn.

Kò fi ẹ̀yìn rìn. Iwájú rẹ̀ nìyẹn.

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni pé kí n kì í:

Tafàtafà, a-fẹ̀yìn-jà bí ìbaaka,
kúkúrú tó gbé ọ̀pá tó gùn jù ú lọ,
a-lù-ú-tán-má-dàágbére,
ó yìn ín tán, ó ń lọ ilé, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ yíjú padà,
ọ̀tá ń wá a, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n bá.

Penry ti ń sáré. Ọkùnrin onínú-rírùn yẹn sáré gba àárín oko bí ẹni tí oyin ń lé, ó ń ju apá: "Oakes! Dúró! Dúró níbẹ̀!"

*

"Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?" Oakes ń rẹ́rìn-ín lórí àga rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí, ọ̀gá. Wọ́n fẹ́ gbé ìbọn ńlá yẹn sórí ara táńkì àtijọ́ kékeré. Ó gùn jù. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síwájú, ẹnu rẹ̀ á máa gbẹ́lẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ti gun. Ni wọ́n bá kọ ọ́ sẹ́yìn. Ẹ fi ìdí sí ọ̀tá, ẹ yìn ín, mo tẹ epo, a ti lọ. Ó mọ́gbọ́n dání o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rí bí ẹni wọ ṣòkòtò sódì."

"Ìbọn náà ò lè yí ká bíi ti táńkì?"

"Rárá o. Díẹ̀ sí òsì, díẹ̀ sí ọ̀tún. Ibi tí ìdí ọkọ̀ bá kọ sí, ibẹ̀ náà ló ń yìn."

"Ìwọ ńkọ́, tó bá ń yìn, o wà lórí àga yìí?"

"Kí n wà níbẹ̀ kẹ̀? Ìdí ìbọn á ta sẹ́yìn, á gba orí àga yìí kọjá. Wọ́n á máa wá orí mi nínú oko. Òfin ni, dẹ́rẹ́bà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwa la ń se tíì ní gbogbo ọkọ̀ Tafàtafà. A ò ní iṣẹ́ mìíràn."

"Níbo lẹ ti ń sè é?"

"Ojú iná ọkọ̀, ọ̀gá. Láéláé, ojú iná. Tó o bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ìbọn, atẹ́gùn ìbọn á gbé tíì, á gbé agolo, á gbé ìwọ náà kún un." Ó tún rẹ́rìn-ín.

Penry ò rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ mélòó lo ti dé sí Tafàtafà, Oakes?"

"Ọjọ́ kọkànlá lònìí."

"Níbo lo wà tẹ́lẹ̀?"

"Nínú táńkì. Ọdún méjì."

"Nínú táńkì, ojú iná ni wọ́n ń kọ sí ọ̀tá, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ẹ̀rín ojú Oakes kú díẹ̀díẹ̀, bí iná tí epo rẹ̀ ń tán. Bísíkíìtì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jẹ ẹ́ mọ́.

"Sọ̀ kalẹ̀," ni Penry wí jẹ́jẹ́. "Bá wa kálọ sídìí igi ọ̀pọ̀tọ́."

*

Gbogbo ọmọ ogun wa ni wọ́n mọ bí a ti ń se tíì lójú ogun. A gé agolo sí méjì, a da iyanrìn sínú rẹ̀, a bu bẹntiróòlù sí iyanrìn, a ṣáná sí i. Á jó ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ní òrùka dúdú. Ẹni tó bá ń gbé ibì kan, òrùka rẹ̀ máa ń wà lójú kan náà lójoojúmọ́.

Nídìí kànga, a ti rí ti Tulloch: òrùka kan ṣoṣo, ní ìhà ilé agogo. Nídìí igi ọ̀pọ̀tọ́ náà, òrùka dúdú kan wà ní ìhà ilé agogo, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Penry kọjá rẹ̀, kò wò ó. Ó rìn lọ sí òdì kejì, níhà odò, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹsẹ̀ tú koríko gbígbẹ tí ẹnì kan kó jọ síbẹ̀. Kò pẹ́. Òrùka kan yọ, tuntun, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n dáná síbẹ̀. Ewé tíì ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màmá Ersilia rí èéfín rẹ," ó ní. "Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo sì dúpẹ́, mo bá tèmi lọ. Ojú iná rẹ kọ sí odò lọ́jọ́ Ajé, Oakes. Ẹnu ìbọn yín ńkọ́?"

Oakes jókòó sílẹ̀ láàárín ẹrẹ̀. "Òkùnkùn ni mo wọlé," ó ní. "Ọwọ́ mi ló ṣe é, kì í ṣe orí mi. Ọdún méjì ni ọwọ́ mi fi ń kọ ojú sí Jámánì. N ò mọ̀, ọ̀gá. Mo fi Ọlọ́run búra. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé agolo mi sí ojú iná bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Sájẹ́ǹtì ní ọta ti há sẹ́nu ìdí ìbọn, kò ṣeé fà jáde. Ẹ mọ̀ ọ́n, tó bá há, sí ọ̀tá la ń yìn ín dànù. Ó yìn ín. Ó rò pé odò ni."

"Nínú kùrukùru. Kò wò ó."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ̀ náà ti ń dúró síbẹ̀, ojoojúmọ́ ló jẹ́ odò. Ta ló ń wò ó mọ́?"

Sájẹ́ǹtì Wilf Kell ti dúró lẹ́yìn wa. Ó ti etí odò wá wá ẹni tó rán níṣẹ́. Ó wo òrùka tó wà nílẹ̀, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n kó koríko bò ó," ó ní. "Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin búra. Oakes fẹ́ sọ ọ́, èmi ni n ò jẹ́."

"O sì jẹ́ kí wọ́n máa gbé Tulloch lọ síbi okùn."

"Mo rò pé wọ́n á tú u sílẹ̀ kó tó di alẹ́ ọjọ́ yẹn!" Kell fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. "Ojú iná rẹ̀ kọ sí ilé agogo, gbogbo èèyàn ló rí i! Ọmọ ogun wo ni kò mọ̀ pé odò ni ìbọn rẹ̀ ń wò? Ojoojúmọ́ ni mo ń retí kí ẹnì kan yọjú, kó sọ pé, 'Ẹ wò ó bí a ti gọ̀ tó.'"

"O ń retí títí di ìgbà wo?"

Kell ń yí fìlà ká lọ́wọ́, ó ń yí i ká.

*

Méjọ̀ Sotheran ka ohun tí mo kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rẹ̀ pọ́n láti ọrùn sókè. Ó bi wá bóyá ó di dandan kí a kọ ọ̀rọ̀ ìbéèrè tí òun fúnra òun bi Tulloch sínú rẹ̀. Penry ní ó di dandan, sà. Méjọ̀ fọwọ́ sí i, ó sì jáde láì mú ọ̀pá rẹ̀.

A ṣí ilé ẹlẹ́dẹ̀ fún Tulloch. Penry sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní ìdúró. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó fara ti ògiri.

"Kápútẹ́nì bá ọta àṣìṣe pàdé," ó ní. "Ti Wilf."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kì í ṣe ẹnu mi."

Mo ti mọ̀ nígbà náà ohun tí òun àti Ọlọ́run ń bá ara wọn sọ láti ọjọ́ mẹ́ta. "Kì í ṣe ẹnu rẹ, arákùnrin," mo ní. "Ọlọ́run kì í bá wa pààyàn nígbà tí inú bá ń bí wa."

Ó fọwọ́ bo ojú. A jẹ́ kó bò ó. Nígbà tó ṣí i, Penry ni kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o ò sọ, ìwọ ọkùnrin yìí? Gbólóhùn kan! 'Ìbọn mi ẹ̀yìn ló wà.' Gbólóhùn kan ṣoṣo ni!"

"Méjọ̀ bi mí bóyá iwájú ọkọ̀ mi kọ sí ilé agogo. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ti ń wá fìlà mi nílẹ̀ kí n máa lọ, mo rò pé mo ti jàre. Wọ́n bá de ọwọ́ mi." Tulloch mi orí. "Lẹ́yìn náà ni mo wá rò pé Ọlọ́run ló ń mú mi lọ nítorí èpè náà. Mo ní tó bá jẹ́ Òun ni, kí n máa bá A jiyàn ìbọn?"

Penry wo ojú ọ̀run. Ìwé ìsinmi ọjọ́ mẹ́rìnlá wà lápò rẹ̀, Méjọ̀ ló fọwọ́ sí i láì sọ̀rọ̀. Ó nà án sí Tulloch. Ìyàwó ti wọlẹ̀ ní Hull. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tulloch gbà á, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sínú àpò àyà rẹ̀.

"Ṣé tíì wà?" ó béèrè.

"Èmi ni n ó sè é," ni Penry wí.

Ọkọ̀ Tulloch ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà oko níbi tí Oakes fi í sí. Ọ̀gá mi gbé agolo iyanrìn, ó gbé ìkòkò omi, ó rìn títí ó fi dé ìdí rẹ̀. Ó dúró. Ó wo ọ̀pá ìbọn, ó yí ọkọ̀ náà po jẹ́jẹ́, ó fi ọwọ́ kan iná àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ kan èkejì. Ìgbà náà ló tó lóṣòó, ó sì gbé agolo náà sílẹ̀.

Tulloch ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé ẹlẹ́dẹ̀.

"Ó ti wá mọ̀ ọ́n," ó ní.